Ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kékeré àti àdúgbò rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kéékèèké ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ló máa ń bi wá ní ìbéèrè wọ̀nyí lórí ohun tí wọ́n lè ṣe fún àdúgbò wọn, bóyá lórí WhatsApp tàbí lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá, la bá kó wọn jọ síbí.

Kí ni ẹ ń pè ní ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kékeré gan-an?

Ẹni mẹ́ta sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń ṣe ìkànnì, tí wọ́n ń tún fóònù àti láptọ́ọ̀pù ṣe, tàbí tí wọ́n ń fa íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé àti ọ́fíìsì. Yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ̀pọ̀ wọn ní, lórí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ tàbí ti olóògùn. Abẹ́òkúta, Ògbómọ̀ṣọ́, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ kún fún irú wọn. Kì í ṣe báǹkì tàbí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá là ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu epo sí jẹnẹrétọ̀ là ń bá wí.

Ṣé òfin fi dandan mú wa láti ṣe nǹkan fún àdúgbò?

Rárá. Àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ni òfin mú bẹ́ẹ̀: òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021 ní kí wọ́n máa ya ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó iṣẹ́ wọn lọ́dún sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa epo. Kò sí irú rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Mọ́kọ́lá.

Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ yín ni ti ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́ òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ yín bá ti tó márùn-ún, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo wọn lọ́dún tọ́ sí àjọ náà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ san ìyẹn ná.

Ti àdúgbò jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú, àmọ́ kì í ṣe ti ìfẹ́ inú nìkan. Nígbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì lálẹ́ tí ẹ lọ sílé, àwọn aládùúgbò ló kù tó ń gbọ́ bí ẹnìkan bá ń gé irin fèrèsé.

A ò lówó. Kí la ní tí a lè fún èèyàn?

Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Owó ni ohun tó kéré jù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kékeré, òun náà sì ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń wá. Ẹ wo ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ Sátidé: àga mẹ́fà ṣófo, sólà ti mú bátìrì inverter kún, dátà oṣù kò tíì tán, kò sì sí èèyàn níbẹ̀. Nínú ilé kejì, ọmọbìnrin kan wà tó forúkọ sílẹ̀ fún 3MTT, ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2023 láti fi kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn níṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Orí fóònù tí ojú rẹ̀ ti là ló ti ń wo ẹ̀kọ́ náà, bí iná ọba bá sì lọ, ẹ̀kọ́ tán fún ọjọ́ yẹn. Àga kan, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan wúlò fún un ju àpò ìrẹsì ọdún Kérésì lọ.

Àwọn tó dá Salesforce sílẹ̀ ní San Francisco ní 1999 ní ìlànà kan: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ilé iṣẹ́, ìdá kan nínú ohun tí wọ́n ń tà, ìdá kan nínú àkókò òṣìṣẹ́. Láti 2014 ni ètò Pledge 1% ti ń pe àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sí i. Ẹ fi ti ìpín sílẹ̀, kò tíì kàn yín. Ẹ mú ti àkókò. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 50 ṣe wákàtí 2,000 lọ́dún. Ìdá kan rẹ̀ jẹ́ 20. Ẹni márùn-ún, wákàtí 100. Pẹ̀lú wákàtí 100 lọ́dún, àdúgbò kan lè yí padà ní ti gidi, bí ẹ kò bá ná an sórí ayẹyẹ.

Bí ẹ bá jẹ àwọn òṣìṣẹ́ yín lówó oṣù méjì, ẹ má tíì dán ohunkóhun wò. Ẹni tó ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ yín. Ẹ lọ wo ibi tí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí. Bó bá jẹ́ fèrèsé ìyá tó ń tọ́mọ lẹ́yìnkùlé ni, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀, torí gáàsì carbon monoxide inú èéfín yẹn kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ó ti pa odindi ìdílé mọ́jú ní orílẹ̀-èdè yìí rí. Ẹ gbé e kúrò, ẹ yí ẹnu rẹ̀ padà, ẹ sì máa pa á nígbà tó yẹ. Wáyà tí ẹ fà kọjá ojú ọ̀nà tó ti rọ̀ wálẹ̀ ńkọ́? Mọ́tò oníbàárà tó ń dí ẹnu géètì onílé? Ẹni tó ń fi èéfín pa aládùúgbò tó tún ń pín ìwé àjákọ fún ọmọ rẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ta ni ká lọ bá ládùúgbò?

Ẹ lọ kí baálẹ̀ tàbí alága ẹgbẹ́ onílé, kí wọ́n mọ ojú yín. Ìyẹn ò ju ọ̀wọ̀ lọ. Àwọn tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta àdúgbò lẹ́sẹ̀ yàtọ̀: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyálọ́jà, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré, ẹni tó ń ṣe POS ní ìkòríta.

Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fẹ́, tráńsífọ́mà ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá, lẹ́yìn náà ọ̀nà. Ẹ má ṣèlérí ọ̀kankan. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ń gbà wọ́n lákòókò jù lọ́sẹ̀, ẹ ó gbọ́ èsì tó yàtọ̀.

Àwọn ọmọ àdúgbò fẹ́ ṣe JAMB. Báwo la ṣe lè ràn wọ́n lọ́wọ́?

Bó bá jẹ́ ohun kan péré ni ẹ máa ṣe lọ́dún, èyí ni a ó mú fún yín. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò UTME ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 180 ni, 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yòókù, wákàtí méjì. WAEC náà ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ti àwọn tó ń dá forúkọ sílẹ̀ láti 2024. Síbẹ̀, ọmọ tó mọ̀wé gan-an wà tó jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ìdánwò ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì. Ẹ wò ó bó ṣe ń mú un: ọwọ́ rẹ̀ le, ó gbé e kúrò lórí tábìlì, ọfà ń sá lójú rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé ọmọ lè ṣe ìdánwò náà láì fọwọ́ kan máòsì rárá. Bọ́tìnì mẹ́jọ ni JAMB là kalẹ̀ lórí kíbọọ̀dù: A, B, C àti D láti fi mú ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sí èyí tó kọjá, S láti fi ìwé sílẹ̀, R láti padà bó bá ṣèèṣì tẹ S. Sátidé méjì tó láti mọ̀ wọ́n dáadáa. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, ẹ fi aṣọ bo máòsì bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi ìka rẹ̀ wá N láì wolẹ̀.

Àtìgbà tí ọdún bá ti yí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí oṣù Kẹrin má bá yín lójijì. Ẹ má gba fọ́ọ̀mù fún wọn: ibùdó tí JAMB fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Bí òbí kan bá sì rọra bi yín bóyá ẹ lè bá òun rí "ibùdó tó dáa", ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń jí ìwé wò, ẹ ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ yẹn pa lójú ẹsẹ̀.

Ṣé ká gba akẹ́kọ̀ọ́ IT?

Ẹ gbà wọ́n, níwọ̀n tí ẹ lè tọ́jú. Ọdún 1973 ni ITF dá SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, sílẹ̀, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ìwé-ẹ̀rí láì fọwọ́ kan iṣẹ́ rí. Oṣù mẹ́rin ni ti akẹ́kọ̀ọ́ poli tó ń ṣe ND, oṣù mẹ́fà ni ti ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Lọ́dọọdún, ẹ ó rí wọn pẹ̀lú lẹ́tà nínú fáìlì, láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ àyè. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ń bá a dé ni ìdí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, tàbí kí wọ́n máa rán wọn lọ ra àmàlà ọ̀gá.

Ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan tó fún ọ́fíìsì ẹlẹ́ni márùn-ún. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, tó jẹ́ ti ẹni gidi: kí ó ṣe àkójọ oògùn fún olóògùn ìsàlẹ̀, kí ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ lè máa hàn ṣáájú. Iṣẹ́ náà máa kéré, ó sì máa lábàwọ́n, àmọ́ olóògùn yẹn á máa pe ọmọ náà lórúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa fọwọ́ sí logbook rẹ̀, kì í ṣe kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ di ọjọ́ ìkẹyìn. Form 8 tí ITF ń béèrè ní ìparí, ẹ kọ ọ́ kí ọmọ náà tó kúrò lọ́dọ̀ yín. A mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ padà wá Ìbàdàn nítorí ìbuwọ́lù kan ṣoṣo.

Ṣé ká máa san owó fún wọn?

Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán, ó kéré tán. Ọmọ tó ń bọ̀ láti Mọ́níyà lójoojúmọ́ ń náwó kí ó lè wá bá yín ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ tó ṣe bá di ohun tí oníbàárà sanwó fún, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, ẹ fún un ní tirẹ̀. Pé ẹ ń kọ́ ọ níṣẹ́ kò sọ ọ́ di ẹrú. Àwọn tẹ́lọ̀ àti mẹkáníìkì wa ní ìlànà tó ṣe kedere lórí èyí: ọmọ iṣẹ́ mọ iye ọdún tí òun máa lò, ó sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe fírídọ̀mù fún òun.

A ní kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ṣé ká kó wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́?

Ó ṣeé ṣe, lẹ́yìn nǹkan mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà àkáǹtì, fọ́tò ìwé ìrìnnà, gbogbo rẹ̀ wà lórí hard disk yẹn, òfin ààbò dátà ti 2023 sì mú yín sí i. Ẹni tó kàn fọ́ọ̀màtì kọ̀ǹpútà dà bí ẹni tó ya ojú ewé àkóónú kúrò nínú ìwé. Ìwé ṣì wà lódidi. Ẹ fi ètò bíi nwipe kọ nǹkan mìíràn lé gbogbo disk náà lórí. Bó bá jẹ́ SSD, irú disk tuntun tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ẹ lo àṣẹ ìparẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é pèsè.

Ìkejì, ohun tí ẹ máa fi sí i. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó dára kò sì lè gba Windows 11 nítorí TPM 2.0, ohun ààbò kékeré kan, tí kò sí nínú wọn. Ìdí nìyí tí ọ́fíìsì púpọ̀ fi ń kó wọn dànù báyìí. Linux Mint ń ṣiṣẹ́ lórí wọn dáadáa bí RAM bá tó 4GB, kò sì gba kọ́bọ̀. LibreOffice wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi Windows àjígbé sí i fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ìkẹta ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù: ta ló máa lò ó? Ẹ ti wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí. Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá wà nínú rẹ̀, nylon tí wọ́n fi dì í wá ṣì wà lára rẹ̀, eruku ọyẹ́ ọdún méjì wà lórí nylon, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà lára ògiri, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, ọ̀gá àgbà sì wà ní ìpàdé ní Sẹkitéríàtì Agodi. Kí ẹ tó kó ohunkóhun lọ, ẹ wá olùkọ́ kan tó fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ fún oṣù kan. Kí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì wà lákọsílẹ̀. Bí kò bá sí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kó kọ̀ǹpútà yín sílé.

Èyí tó ti kú pátápátá ńkọ́?

Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹni tó kó ẹ̀rọ tó ti kú fún ilé ẹ̀kọ́ ti sọ wọ́n di ààtàn ni. Ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wúwo ní òjé nínú, bátìrì inverter náà ní òjé àti ásíìdì. Bí ẹ bá tà á fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kiri, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sun wáyà rẹ̀ ní gbangba láti yọ bàbà, èéfín yẹn á sì padà wọ imú àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà. Ìlànà ìjọba lórí ẹ̀rọ iná àti ẹ̀rọ ayárabíàṣá wà láti 2011 lábẹ́ NESREA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àyíká, EPRON sì ni ẹgbẹ́ tó ń ṣètò bí àwọn tó ní ìwé àṣẹ ṣe ń gbà á. Ẹ kó o jọ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tiẹ̀ lè jẹ́ kí àwọn aládùúgbò máa kó fóònù àti bátìrì tó ti wú wá sọ́dọ̀ yín.

Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Ṣé iṣẹ́ tán nìyẹn?

Kò tán. Kiwix ń gbé Wikipedia sórí kọ̀ǹpútà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Wikipedia Yorùbá wà níbẹ̀, pẹ̀lú àyọkà tó lé ní 30,000. Kolibri ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún fídíò àti ìdánwò ìṣirò: ẹ fi sí ẹ̀rọ kan, àwọn yòókù á máa kà á láti ara rẹ̀ nínú yàrá náà. Ọ́fíìsì yín ni kí ẹ ti gbà wọ́n sílẹ̀ lóru nígbà tí dátà pọ̀, kí ẹ wá gbé disk lọ.

Èdè wo ni ká fi kọ́ wọn?

Èdè tí wọ́n fi ń jà níta. Láti 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì àpárá ṣàlàyé ohun tí ẹ lè fi Yorùbá sọ? Fáìlì ni fáìlì ń jẹ́, páswọ́ọ̀dù ni páswọ́ọ̀dù. Ìyókù, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tó wá láti ilé Hausa tàbí Igbo wà láàrin wọn, ẹ má gbàgbé wọn.

Àwọn ìyá ọjà ńkọ́? Kọ̀ǹpútà kò kàn wọ́n.

Fóònù kàn wọ́n, olè orí fóònù sì kàn wọ́n jù. Ẹ má gbé projector lọ sí ọjà. Ẹ lọ bá ìyálọ́jà, ẹ ní kó fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbi ìpàdé wọn, kí ẹ sì kọ́ wọn ní ohun kan péré lọ́jọ́ kan.

Ohun tí a ó kọ́kọ́ mú ni PIN orí SIM. Olè tó já fóònù gbà kò nílò láti ṣí i. Ó máa yọ SIM, ó máa fi sínú fóònù tirẹ̀, ó máa fi USSD wá owó inú àkáǹtì. Bí PIN bá wà lórí SIM, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ẹ ṣe é fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ara wọn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: bí èèyàn bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, SIM á tì, PUK, nọ́ńbà ìṣísílẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ni SIM fi sílẹ̀, ló máa wá béèrè. Àwọn fúnra wọn ni kí wọ́n yan nọ́ńbà náà, kí ẹ̀yin yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́. Ìpàdé tó tẹ̀lé e, ẹ sọ fún wọn pé kò sí báǹkì tó máa pè wọ́n béèrè nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù wọn, kódà bí ẹni tó ń pè bá mọ BVN wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ti gbá rí sọ tirẹ̀ bó bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wọlé ju tiyín lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ká ṣe ìkànnì fún àwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ká ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa san owó orúkọ ìkànnì náà lọ́dún kejì. Ọ̀fẹ́ ọdún kìíní rọrùn. Bí wọn kò bá sanwó tó orúkọ fi bọ́, ẹlòmíràn lè rà á, àwọn oní tẹ́tẹ́ sì fẹ́ràn orúkọ àtijọ́ gan-an. Òbí tó ń wá owó ilé ìwé á bá bọ́ọ̀lù àti tẹ́tẹ́ níbẹ̀.

Ẹ fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ gba .org.ng tàbí .com.ng, kì í ṣe orúkọ yín. Ẹ kọ páswọ́ọ̀dù sínú àpòòwé, kí ó wà lọ́wọ́ ẹni méjì. Ojú ewé mẹ́rin tí akọ̀wé wọn lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe sàn ju ìkànnì aláràbarà tí ẹ̀yin nìkan lè ṣí. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí náà ń béèrè. Bí ẹ bá ṣe fún ọ̀kan, ẹ múra láti ṣe fún èkejì.

Kí ni ká ṣọ́ra fún nípa àwọn ọmọdé?

Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lójú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003. Kí àgbà méjì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí òbí lè wọlé nígbà tó bá wù ú. Òṣìṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ máa kọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ lórí WhatsApp. A ò ní àlàyé kankan láti ṣe lórí èyí.

Fọ́tò náà ní òfin. Òfin ààbò dátà ní kí òbí tàbí alágbàtọ́ gbà kí ẹ tó lo ohun tó jẹ mọ́ ọmọdé, ẹ sì gba ìyọ̀ǹda náà sínú ìwé. Lẹ́yìn òfin, ẹ̀rí ọkàn tún wà: ọmọ tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń na ọwọ́ gba ìwé àjákọ, tí ẹ sì kọ "aláìní" sábẹ́ rẹ̀, yóò dàgbà, yóò sì wá orúkọ ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ya ọwọ́ wọn lórí kíbọọ̀dù, ó tó.

Ṣé ká dá àjọ aláàánú sílẹ̀ lọ́tọ̀?

Kò pọn dandan. Lábẹ́ CAMA 2020, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ẹ nílò ó kéré tán alábòójútó (trustee) méjì, ẹ máa gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ máa fún aráàlú ní ọjọ́ 28 láti tako o, lẹ́yìn náà ni ìwé ìṣirò lọ́dọọdún àti ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ owó tí wọ́n fẹ́ fọ̀, ń dúró. Owó àti àkókò tí ìyẹn máa gbà lè gbé àwọn ọmọ JAMB fún ọdún méjì. Ẹ bá ẹgbẹ́ tó ti wà ṣe é, bíi ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ náà tàbí ilé ìkàwé àdúgbò.

Ṣé ó máa dín owó orí wa kù?

Fún ọ̀pọ̀ yín, rárá. Òfin gbà kí ilé iṣẹ́ yọ irú àwọn ìtọrẹ kan kúrò nínú èrè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tí òfin kà sí kékeré kì í san owó orí èrè ilé iṣẹ́ rárá, kí lẹ fẹ́ yọ kúrò nínú òdo? Òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026, ẹ jẹ́ kí oníṣirò yín sọ ibi tí ẹ wà. Ẹ pa rìsíìtì mọ́. Wákàtí tí ẹ fi kọ́ ọmọ kò sí nínú ìwé owó orí kankan.

Olóṣèlú kan fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sára ètò wa. Ó máa ra kọ̀ǹpútà ogún.

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gbà á. Abala 43 nínú CAMA 2020 kọ̀ fún ilé iṣẹ́ láti fi owó tàbí ohun ìní rẹ̀ tọrẹ fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí fún ète òṣèlú. Lóòótọ́, òun ló ń fún yín, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń fún un. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ọ́fíìsì yín, tí ọmọ ń fi T-shirt rẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà, ta ló ń fún ta? Bí ìdìbò bá sì gbé e ṣubú, ẹni tó wọlé á rántí yín.

Bó bá fẹ́ ṣe é nítorí Ọlọ́run, ọ̀nà wà: kí ó kó kọ̀ǹpútà náà fún ilé ẹ̀kọ́ tààrà, ẹ̀yin á kàn lọ kọ́ olùkọ́. A ti rí i tí ọ̀rọ̀ ń parí síbẹ̀ yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ nípa kọ̀ǹpútà ogún mọ́.

A kọ́ wọn tán, wọ́n já pa. Ṣé kì í ṣe àdánù?

Wọ́n máa lọ. Àwọn tí ẹ̀ ń sanwó fún gan-an ń lọ. Ọmọ tó wà ní Manchester tó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Bẹẹrẹ ò tíì kúrò ládùúgbò tán. Èyí tó yẹ kó dùn yín ni tí gbogbo ìmọ̀ bá wà lórí ẹnì kan ṣoṣo tó lọ. Kí ẹni tí ẹ kọ́ lọ́dún yìí kọ́ ẹni méjì lọ́dún tó ń bọ̀ kí ẹ tó kọ ìwé-ẹ̀rí fún un.

Ọ̀kan nínú wọn ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì, ó ń gba oníbàárà wa.

Iṣẹ́ tí ẹ kọ́ ọ ti jẹ́ nìyẹn. Ẹ máa tún ohun tó le ṣe, kí òun máa tún ojú fóònù ṣe.

Ó ti sú wa. Báwo la ṣe ń dáwọ́ dúró láì ba orúkọ jẹ́?

Ẹ sọ ọ́ ní sáà kan ṣáájú, fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti fún àwọn òbí, kì í ṣe lórí status WhatsApp. Ẹ parí pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́, ẹ má gba tuntun. Ohun tí ẹ ti fún ilé ẹ̀kọ́ ti di tiwọn, ẹ má kó o padà, ì báà jẹ́ pé ọ̀gá àgbà tuntun kò kí yín dáadáa. Ẹ fi àpòòwé páswọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ àti nọ́ńbà ẹni tó lè tún ẹ̀rọ ṣe lé olùkọ́ náà lọ́wọ́, ẹ sì jẹ́ kí ó buwọ́ lù ú.

Bó bá jẹ́ pé Sátidé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú oṣù ló sú yín, ẹ sọ ọ́ di ẹyọ kan kí ẹ tó pa á rẹ́. Ọ̀pọ̀ ètò tó kú ní Ìbàdàn yìí ni wọ́n fi ìtara oṣù kìíní ṣírò rẹ̀.